Ọjọ́ Tí Kamarou Gbé Bàbá Rẹ̀ sí Pòròmó

Bí o bá dé Ṣábẹ̀ tí o béèrè Kamarou oníkáàtì, wọn yóò kọ́kọ́ bi ọ́ pé káàtì wo. Bó bá jẹ́ káàtì ìdánimọ̀ ni, wọn yóò júwe ọ́fíìsì ìjọba fún ọ. Bó bá jẹ́ káàtì ìdìbò ni, wọn yóò ní kí o fara balẹ̀, pé bí àkókò bá tó, àwọn olóṣèlú fúnra wọn ni yóò wá ọ wálé. Àfi ìgbà tí o bá ṣàlàyé pé èyí tí àwòrán agbábọ́ọ̀lù wà lára rẹ̀ ni, irú èyí tí àwọn àgbàlagbà òyìnbó ń fi owó gidi rà, ni wọn yóò tó wò ọ́ látòkè délẹ̀, tí wọn yóò nawọ́ sí ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Florent aránṣọ, níbi tí bàtà àlòkù àti ohun ìṣeré ọmọdé ò ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà wọ́n.

Kamarou kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe òmùgọ̀. Ó dára kí èyí ti di mímọ̀ báyìí, nítorí ohun tó ń bọ̀ níwájú lè mú kí ẹlòmíràn ṣiyèméjì. Kùtọnu ló ti máa ń ra àpò ohun ìṣeré àlòkù, á kó wọn wálé, á ṣa èyí tó dára. Lọ́jọ́ kan ó bá agolo bisikíìtì kan nínú àpò, agolo náà sì wúwo. Ó fi ìrètí bisikíìtì ṣí i. Káàtì ló bá. Ó ti ń kó wọn lọ sídìí ààrò kí ó fi wọ́n tanná nígbà tí Laure ìyàwó rẹ̀ rí i. Tíṣà ni Laure, ọmọ Pọ́bẹ̀. Ìjọba ló gbé e wá sí Ṣábẹ̀. Kamarou ni kò jẹ́ kó padà.

"Bàbá Faïzatou, ẹ má sun ún o! Àwọn kan wà tí wọ́n ń ra irú èyí lórí ayélujára."

"Kí wọ́n fi ṣe kí ni?"

"Kí wọ́n fi pamọ́."

Kamarou ronú sí i. Ènìyàn á fowó ra bébà, kò ní kà á, kò ní fi pọ́n ẹ̀pà, á kàn lọ fi pamọ́. Ó ní, "Ṣé orí àwọn ẹni náà pé?"

"Orí wọn pé," ni Laure dá a lóhùn. "Owó wọn náà pé."

Ibẹ̀ ni òwò ti bẹ̀rẹ̀. Faïzatou ọmọbìnrin wọn, tó ń kàwé ní Kùtọnu, ló ṣí ìsọ̀ orí ayélujára náà fún bàbá rẹ̀, òun náà ló sì ń gbé ọjà lọ sí pósítì. Kamarou ló ń ya fọ́tò wọn, tó sì ń dá owó lé wọn. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ti ń fi etí káàtì mọ ọjọ́ orí rẹ̀, bí ẹni ń fi eyín mọ ọjọ́ orí ẹṣin, ó sì mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tí àwọn ará ilé wọn gan-an ti gbàgbé.

Nínú agolo àkọ́kọ́ yẹn ni káàtì tí ó dá ọ̀ràn sílẹ̀ wà. Ọkùnrin dúdú kan ni, tó gbá bọ́ọ̀lù láyé àtijọ́ fún ẹgbẹ́ kékeré kan ní apá àríwá ilẹ̀ Faransé. Irunmú rẹ̀ nípọn, ó sì di ojú kan díẹ̀ bí ẹni tí oòrùn ń yọ lẹ́nu. Kamarou ti ya fọ́tò rẹ̀, ó ti gbé e sórí ayélujára pẹ̀lú àwọn yòókù, kí ìyá rẹ̀ tó yọ sí wọn.

Zénabou ni ìyá Kamarou. Gààrí àti èso kájú ló fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ tà, títí orúnkún fi ní ó tó. Ó mú káàtì náà nílẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ó wá jókòó pẹ̀sẹ̀ sórí àpò bàtà.

"Kamarou. Níbo lo ti rí bàbá rẹ?"

Àlàó ni bàbá náà, àgbẹ̀ ní Kaboua, ó sì ti kú kí Kamarou tó dàgbà tó ẹni tí ń rántí ojú. Fọ́tò kan ṣoṣo ló yà láyé. Ó wọ agbádá, ó jókòó dáadáa, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún, ó ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ayafọ́tò ló gé orí rẹ̀ sọnù. Wọ́n sì sanwó o, torí ayafọ́tò ní òun ti ṣiṣẹ́ tòun, orí bàbá ni kò dúró síbi tí òun fi í sí. Láti ìgbà náà ni fọ́tò yẹn ti wà nínú férémù lára ògiri yàrá Zénabou: agbádá, ọwọ́ méjì, ọrùn, ó tán.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, Zénabou mú káàtì lọ, ó sì tẹ̀ ẹ́ bọ abẹ́ gíláàsì férémù, sókè ọrùn gẹ́lẹ́. Orí náà kéré sí ara. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n gbé ọsàn wẹ́wẹ́ lé orí odó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbọ́ tí ó ń kí i: "Àlàó, o jí ire bí? Òjò ò tíì rọ̀ fún wa o." Ta ni yóò wá dúró níwájú ìyá arúgbó, tí yóò sọ fún un pé aṣọ agbábọ́ọ̀lù ló wà lọ́rùn ọkọ rẹ̀?

Laure ní, "Ẹ tètè yọ ọ́ kúrò lórí ayélujára." Kamarou ní òun gbọ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó yọ ọ́, ẹnìkan ti kọ̀wé. Òyìnbó kan tí ń jẹ́ François ń béèrè bóyá káàtì onírunmú yẹn ṣì wà.

Ẹni tí kò bá tíì jókòó ti ọjà rí, ohun tí Kamarou ṣe lè má yé e. Ọlọ́jà Ṣábẹ̀ kì í la ẹnu wí pé "mi ò tà á." Bí o bá fi ẹnu bẹ́ẹ̀ lé oníbàárà àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti ìrọ̀lẹ́ lo lé mọ́ ọn. Bí nǹkan ò bá ṣe é tà, owó ni wàá pè lé e: owó tí yóò pa oníbàárà lẹ́rìn-ín, tí yóò dúpẹ́, tí yóò sì bá tirẹ̀ lọ. Báyìí ni Zénabou fúnra rẹ̀ ṣe gba abo ewúrẹ́ rẹ̀ kan sílẹ̀ lọ́wọ́ àna rẹ̀ tó fẹ́ rà á nígbà kan, tí àna náà sì ń yìn ín káàkiri pé ọmọlúàbí ni. Nítorí náà, Kamarou gbé owó alùpùpù tuntun lé káàtì kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́. François ò tún kọ̀wé mọ́. Kamarou náà rẹ́rìn-ín múṣẹ́. Ó ti kọ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́ "rárá" lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni káàtì náà ṣe wà lórí ayélujára, tí ó ń di ojú kan wo gbogbo ẹni tó ń kọjá.

Ó wá di ọdún yìí, ọjà kú. Faïzatou ní kí bàbá òun ṣe pòròmó: kí ó dín owó gbogbo ọjà kù fún ọjọ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà kí ó dá a padà sí bó ṣe wà.

"Kí n dá kí ni padà?" ni Kamarou bi í lórí fóònù. "Owó tí mo bá ti fẹnu ara mi sọ̀ kalẹ̀, ta ni yóò jẹ́ kí n gbé e gòkè mọ́?"

Florent tó ń gbọ́ ọ láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dá sí i. "Bi mí léèrè. Mo dín owó ìránṣọ kù nígbà ọdún Iléyá kan, kí n lè rí owó àgbò. Títí di òní, iye yẹn ni wọ́n ń gbé wá. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á ní, 'Florent, ṣé abẹ́rẹ́ rẹ ti di wúrà ni?'"

Faïzatou ní àwọn òyìnbó kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ọjọ́ bá ti pé, wọ́n mọ̀ pé ó ti pé, kò ní sí ariwo.

"Bẹ̀ ẹ́ kó fún mi ní nọ́ńbà wọn," ni Florent wí. "Àwọn ni kí n máa ránṣọ fún."

Nígbẹ̀yìn, Kamarou gbà. Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, ó jókòó ti fóònù rẹ̀, òun nìkan, torí ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ mọ̀ pé bàbá kì í ṣe ẹni àná. Ojú ewé náà bi í ní Faransé pé nínú ọgọ́rùn-ún, mélòó? Kamarou fara balẹ̀ ṣírò. Nínú ọgọ́rùn-ún, òun lè gba àádọ́rùn-ún, kò ní pa òun lára. Ó kọ àádọ́rùn-ún.

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ní ọjà wa, kò sí ẹni tó ń ná ọjà tí í sọ iye tí ó fẹ́ kí wọ́n yọ. Iye tí yóò san ló ń sọ. Bí ìyá oníṣu bá pe ọgọ́rùn-ún, tí o ní "ẹ gba àádọ́rùn-ún," àti òun, àti ìwọ, àti ẹni tó kàn ń kọjá lọ, gbogbo yín lẹ mọ iye tí yóò wọ àpò rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ni kò gbé Ṣábẹ̀ dàgbà. Àádọ́rùn-ún ló yọ dànù, ó fi mẹ́wàá sílẹ̀ fún ọlọ́jà. Ó bi Kamarou bóyá lórí gbogbo ọjà ni. Kamarou ní lórí gbogbo ọjà. Ó bi í bóyá ó dá a lójú. Ó ní ó dá òun lójú. Ó ti fóònù bọ àpò, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ofè, níbi tí ìpè ò ti í wọlé àfi bí ènìyàn bá gun orí àpáta.

Ọjọ́ Àìkú ló ń padà bọ̀. Bó ṣe dé ojú títì ọ̀dà ní àdúgbò Plateau, fóònù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, pá-pá-pá, bí ẹni ń yan àgbàdo nínú àpò. Ọjà tà! Ọjà tà! Ọjà tà! Kò tilẹ̀ yà sílé. Ọ̀dọ̀ Florent ló gbà lọ.

"Florent! Ó ti tán! Gbogbo rẹ̀ ló tà tán!"

"O kú oríire o! Jẹ́ kí n wò ó. Èló lo pa?"

Kamarou ṣí fóònù. Ó wò ó. Ó gbé e jìnnà, bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe, bóyá ojú rẹ̀ ló ń tàn án. Florent na ọrùn, ó wò ó pẹ̀lú rẹ̀, ó sì rọra padà sí ìdí ẹ̀rọ rẹ̀.

"Kamarou," ni ó wí nígbà tó yá, "òyìnbó wọ̀nyí, òtítọ́ ni, wọn ò pariwo."

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó ló mú kí Kamarou sáré gbalé lọ. Orúkọ tó wà lókè pátápátá ni. François. Ní ìṣẹ́jú tí pòròmó bẹ̀rẹ̀ gan-an ló ti ra onírunmú, ó ti sanwó, ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ gígùn kan.

Nílé, Laure kà á lákàtúnkà. "Bàbá Faïzatou, ẹ ti ta bàbá yín ní iye alùpùpù tí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀."

"Laure, jọ̀ọ́."

"Ẹ fagi lé e. Bọ́tìnì kan ni, òun nìyí."

"Mo pe owó, ó ní òun gbà, ó sì ti san. Tí mo bá fagi lé e, kí ni mo fi yàtọ̀ sí olè?" Àwọn káàtì yòókù, ó ti ní kí Faïzatou kó gbogbo wọn lọ sí pósítì bó ṣe wà. Ọmọ náà ní òun yóò ṣe é, ṣùgbọ́n òun ò ní lè kọrin lọ́nà. Ti onírunmú ló kù. Bí ó bá fi ránṣẹ́, ọrùn bàbá rẹ̀ yóò tún dá wà lára ògiri. Bí kò bá fi ránṣẹ́, òun ni ọlọ́jà tó gba owó tó di ọjà mú.

"Ta ló fẹ́ ra Àlàó?"

Zénabou ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti dé. Kamarou dọ̀bálẹ̀, ó sì rò fún un, láti orí owó alùpùpù títí dé orí àádọ́rùn-ún. Ìyá rẹ̀ fetí sí i títí dópin, kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀.

"Òyìnbó yìí," ni ó wí, "ó ná an?"

"Kò ná an, Ìyá."

"Kò ní kí o dín in díẹ̀ sí i?"

"Rárá."

"Kò ṣe bí ẹni ń lọ, kí o pè é padà?"

"Ó kàn sanwó ni, Ìyá."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ara ìyá arúgbó balẹ̀. "Kò tíì rà á nìyẹn. Ta ní í ra nǹkan láì ná an? Ìwọ pe owó, òun náà sọ owó sílẹ̀, ẹ ò tíì bá ara yín sọ̀rọ̀, ẹ ní ọjà ti tà. Ìyàwó mi, pè é kí n bá a ná an."

Laure wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Laure kọ̀wé sí François, ó sì ní kí àwọn sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fóònù. Zénabou lọ pààrọ̀ aṣọ, ó wé gèlè, torí kò sẹ́ni tí í fi aṣọ ilé ná ọjà ńlá.

Àgbàlagbà kan ló yọ sójú fóònù, pẹ̀lú fìlà lórí. Iṣẹ́ lẹ́tà pínpín ló ti ṣe fẹ̀yìntì. Laure jókòó sáàárín, ó ń gba tọ̀tún, ó ń gba tòsì. Zénabou béèrè ilé lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè ọmọ, ó béèrè òtútù. Ó béèrè oko. François ní òun ò ní oko, àfi tòmátì díẹ̀ nínú ìkòkò lẹ́nu fèrèsé.

"Ẹ kú iṣẹ́ oko o," ni Zénabou wí. "Tòmátì náà á jinná." Ìgbà yẹn ló tó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. "Ọkùnrin inú káàtì yìí, kí ló jẹ́ sí yín?"

François ní kò jẹ́ nǹkan kan sí òun. Ìgbà tí òun wà lọ́mọdé ni òun bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwòrán ẹgbẹ́ náà jọ, gbogbo wọn ló ti pé nínú ìwé òun, àfi ẹnìkan yìí. Àyè rẹ̀ ṣófo títí di òní. Ó wá béèrè pé, "Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá? Kí ló jẹ́ sí yín?"

"Ọkọ mi ni."

Laure túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tíṣà nìyẹn.

François ṣí fìlà kúrò lórí pípá rẹ̀. Ó dìde kúrò lójú fóònù, wọ́n ń gbọ́ ọ tó ń pe ìyàwó rẹ̀, nígbà tó sì padà dé, ó ti wọ ẹ̀wù tó lọ́lá. Ó ní òun ò mọ̀! Ó ní bàbá òun mú òun lọ wo ọkọ wọn lẹ́ẹ̀kan, nínú òjò, ó gbá góòlù kan wọlé, ilẹ̀ mì. Ó ní òun ò jẹ́ gba ohun ìní opó lọ́wọ́ opó. Kí wọ́n mú káàtì wọn, kí wọ́n mú owó náà pẹ̀lú. Ohun kan ṣoṣo ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún: bóyá Ìyá lè fọwọ́ sí bébà kan fún òun.

Kamarou tó dúró lẹ́yìn gbọ́ gbogbo rẹ̀, torí ó gbọ́ Faransé. Àlàó ti bọ́. Kò ku ohunkóhun láti ṣe mọ́ ju kí gbogbo ilé pa ẹnu mọ́. Ó fi ìka kan ẹnu rẹ̀ sí Laure.

"Kí ló wí?" ni Zénabou béèrè.

Laure gbójú kúrò lára ọkọ rẹ̀. "Ó ní òun ti rí Bàbá rí, Ìyá. Níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù."

"Ta ni?"

"Bàbá."

"Àlàó? Bọ́ọ̀lù?"

Ẹnu ya ìyá arúgbó. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbé e. Ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú, ó di eékún mú. "Àlàó! Àlàó tí òjò á ká mọ́ oko, tí á máa rọra rìn bọ̀ wálé bí ẹni tí wọ́n ń sìn sọ́nà! Àkùkọ tí a fẹ́ pa fún àlejò, èmi ni mò ń lé e, òun á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa wí pé, 'Ó ń gba ọ̀tún lọ, Zénabou, ó ń gba ọ̀tún lọ!' Ìyàwó mi, sọ fún un pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Sọ fún un pé ó jọ ọ́ ni."

"Ìyá..." ni Kamarou bẹ̀rẹ̀.

"Ìwọ, dákẹ́. O fẹ́ kí bàálé ènìyàn máa gbá bọ́ọ̀lù kiri nínú òjò ilẹ̀ òyìnbó, kí n máa wò ó?"

Ó lọ sí yàrá, ó gbé férémù wá, ó sì gbé e síwájú fóònù. Laure ṣàlàyé: agbádá, ọwọ́, ọrùn, iṣẹ́ tí ayafọ́tò ṣe, àti bí orí ṣe dé nínú agolo bisikíìtì. Kamarou ti ń múra sílẹ̀ láti fi pósítì gbé bàbá rẹ̀ ránṣẹ́. Ìgbà náà ni wọ́n rí i tí ẹ̀rín ń mi èjìká òyìnbó. Ó yọ awò ojú, ó nu ojú.

Ó ní, "Àwọn tó wà nínú ìwé mi, olúkúlùkù wọn ló ní ara tirẹ̀. Ẹni yìí ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ara tirẹ̀. Kó dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá, àyè tèmi ṣì ṣófo."

Nígbà tí Laure túmọ̀ èyí, Zénabou tún gèlè wé, ó sì jókòó dáadáa. "Ó ti ń ná ọjà báyìí," ni ó wí. "Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀."

Wọ́n sì ná an. François ní kí wọ́n ya férémù náà ní fọ́tò fún òun. Zénabou ní férémù ò ní dá jáde láìsí ìyàwó ilé. François ní kí wọ́n jẹ́ kó mọ níwọ̀n bíi káàtì, kó lè wọ àyè rẹ̀. Zénabou ní òun gbà, bí ó bá jẹ́ pé owó tó ti san dúró fún fọ́tò. Kamarou ní kí wọ́n dá owó náà padà. Àwọn méjèèjì ní ta ló bi í. François ní owó náà pọ̀ jù fún fọ́tò kan. Ojú Zénabou tàn yanran. Ó ti rí oníbàárà. Ó ní òun máa fi èso kájú díẹ̀ ṣe èènì. Ọjà tà.

Laure yọ onírunmú kúrò lórí ayélujára lójú ẹsẹ̀, kí ọkọ rẹ̀ tó tún rí owó pè. Kamarou ya fọ́tò ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú férémù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, Faïzatou sì fi í ránṣẹ́ láti Kùtọnu pẹ̀lú àpò kájú kékeré kan.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èsì tó dé. Ojú ìwé kan tó ṣí sílẹ̀ ni François yà ránṣẹ́ sórí fóònù: àwọn ọkùnrin tí wọ́n wọ ṣòkòtò péńpé tò lọ bẹẹrẹ, àwọn kan ká apá, àwọn kan di bọ́ọ̀lù mú, láàárín wọn ni Zénabou wà pẹ̀lú gèlè, kò rẹ́rìn-ín sí ẹnikẹ́ni, ọkọ rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀.

Wọ́n gbé fóònù fún un. Ó sún mọ́ ọn, ó gbé e jìnnà. Ó wò ó títí.

"Ó dára," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n Laure, bá mi kọ̀wé sí bàbá yẹn. Ọkùnrin tó wà lápá òsì mi yìí, èyí tí kò wọṣọ délẹ̀, kí ó ní kí ó sún díẹ̀."